Houston Wo Nìyẹn? Àlàyé Lórí Gbólóhùn Fíìmù Tó Ń Da Ọ̀rọ̀ Rú

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ọba ni. Aago méje àárọ̀ ku díẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú fẹ́ fa iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, gbogbo wa dúró yí tábìlì ká, kálukú mú bíró dání. Ọ̀gá wa fẹ́ tẹ orúkọ àwọn aláìsàn jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ jálẹ̀. Ó tún un ṣe, pàbó ló já sí. Ló bá gbójú sókè, ó yí ohùn padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní: "Houston, we have a problem."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi bojú wo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé bẹ́ẹ̀dì kejìdínlọ́gbọ̀n, mi ò rí Houston. Houston kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ìlú tí àbúrò ìyá mi ń gbé ní Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé agbára káká ni Sátidé kan fi ń kọjá láìsí aṣọ ẹbí. Mo rò ó pé bóyá dókítà kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún rò ó pé bóyá aláìsàn kan ló wà nínú ewu tí wọn ò tíì sọ fún mi. Àyà mi já. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi "mo ṣebí" ṣe, mo bá bi ẹni tó dúró tì mí pé bẹ́ẹ̀dì wo ni Houston wà. Ó wò mí, ó rí i pé mi ò ṣàwàdà, ó rọra dá mi lóhùn pé inú fíìmù ni. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tèmi, kò tán. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ márààrún tí ọ̀gá mi sọ, kò sí èyí tó ṣòro nínú wọn, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, níbi iṣẹ́, ní kíláàsì, tàbí lórí WhatsApp, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì yín kù díẹ̀ káàtó. Ohun mìíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó kọ́ àlejò.

Ibi tí gbólóhùn yẹn ti ṣẹ̀ wá nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, ọkùnrin mẹ́ta, Jim Lovell, Jack Swigert àti Fred Haise, ń lọ sí òṣùpá nínú ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Apollo 13. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà, nígbà tí wọ́n ti jìnnà sí ayé tó nǹkan bíi 320,000 kìlómítà, ọ̀kan nínú àwọn àgbá ọ́síjìn wọn bú gbàmù. Ìlú Houston ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ náà wà, nítorí náà bí àwọn tó wà lókè bá fẹ́ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, "Houston" ni wọ́n máa ń pè. Swigert ló kọ́kọ́ fọhùn: "Okay, Houston, we've had a problem here." Ilẹ̀ ní kí wọ́n tún un sọ, Lovell sì tún un sọ. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn ni wọ́n ń ròyìn, pẹ̀lẹ́tù, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà délẹ̀ láàyè.

Nígbà tí wọ́n wá fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 1995, tí Tom Hanks ṣe Lovell, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. "A ti ní ìṣòro kan níbí" di "a ní ìṣòro", nísinsìnyí, lójú ẹsẹ̀. Èyí tí fíìmù sọ ni ayé gbà. Nígbà tí American Film Institute ṣe àkójọ ọgọ́rùn-ún gbólóhùn fíìmù Amẹ́ríkà tó lókìkí jù ní 2005, ó wà níbẹ̀ ní ipò àádọ́ta.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá mi fi ṣe. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ikú ni wọ́n ń wò lójú. Òun mú ohùn wọn, ó fi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí bébà há sí lọ́fun. Ẹrù ńlá tó gbé karí nǹkan kékeré, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti wá. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí ńlá, wọ́n rí kékeré, wọ́n fi wé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi tí mi ò rí ńlá náà, "problem" nìkan ló dún sí mi létí.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí, tí ẹnì kan bá yíjú sí bàbá tó dákẹ́ ní kọ̀rọ̀, tó ní, "Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà," ó ti tó. Kò ní dárúkọ ọmọ tuntun, kò ní dárúkọ orí tó wọ́. Bàbá náà á tún fìlà rẹ̀ dé, á dìde. Ẹni tí kò bá gbọ́ òwe yẹn rí, ohun tó máa rò ni pé wọ́n ń bá bàbá sọ̀rọ̀ ọjà tó fẹ́ lọ ná. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni gbólóhùn fíìmù ń ṣe láàárín àwọn tó jọ wo fíìmù kan náà. Ìdajì wà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, ìdajì yòókù wà nínú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bí ìdajì inú yẹn ò bá sí, ọ̀rọ̀ náà kò lè di odidi láéláé, bó ti wù kí ẹ gbọ́ èdè tó.

Ṣùgbọ́n òwe ní ohun kan tí gbólóhùn fíìmù kò ní, mo sì gbà pé níbẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń wá. Òwe máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. "Yorùbá bọ̀, wọ́n ní." "Àwọn àgbà ló sọ ọ́." Bí ọmọdé bá sì fẹ́ pa á lójú àgbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o," àwọn àgbà á dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ẹni tí kò gbọ́ òwe náà rí ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òwe ni wọ́n pa, pé kí òun wá ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Gbólóhùn fíìmù kì í kan ilẹ̀kùn. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ á kàn yí padà díẹ̀, ojú rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ìyẹn nìkan ni àmì tí ẹ máa rí. Bó bá sì jẹ́ inú àtẹ̀jíṣẹ́ ló kọ ọ́ sí, kò sí ohùn, kò sí ojú. Ọ̀rọ̀ náà á kàn wọlé wá jókòó bí ọ̀rọ̀ gidi.

Ìyẹn ló fi léwu nígbà mìíràn. Ẹ wo èyí tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn jù, pé àwọn ní ẹ̀dínwó tí ẹ ò ní lè kọ̀, "an offer you can't refuse." Inú fíìmù The Godfather ti 1972 ló ti wá. Vito Corleone, tí Marlon Brando ṣe, ló sọ ọ́ fún akọrin kan tó ṣe baba ìsàmì fún. Akọrin yìí ń sunkún pé ọ̀gá oníṣinimá kan kọ̀ láti fún òun níṣẹ́. Bàbá ní òun máa bá ọ̀gá náà dúnàádúrà lọ́nà tí kò ní lè kọ̀. Ọkùnrin náà kọ̀ níṣàájú. Nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí ẹṣin rẹ̀ tó fẹ́ràn jù ló bá lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rin gbogbo aṣọ. Ìhàlẹ̀ ni gbólóhùn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, ẹni tó ń ta ilẹ̀ àti ẹni tó ń ta bàtà ló ń lò ó fún ọjà olówó pọ́ọ́kú. Ìtumọ̀ méjèèjì ló wà láàyè pa pọ̀. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá sọ ọ́ fún yín lásìkò tí ẹ ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó gidi ló ń rò, kí ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù náà sì máa gbọ́ ẹṣin.

Ọdún 1985 ni àpẹẹrẹ tó yà mí lẹ́nu jù lórí èyí. Nínú fíìmù kan tó jáde ní 1983, Clint Eastwood na ìbọn sí olè tó di obìnrin kan mú, ó ní "Go ahead, make my day." Ìyẹn ni pé kó dán an wò, inú òun á dùn láti pa á. Ní oṣù kẹta 1985, Ààrẹ Ronald Reagan, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe òṣèré sinimá rí, sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn tó bá fẹ́ fi kún owó orí, pé kálàmù tí òun fi ń dá òfin tí òun kò fẹ́ padà ti wà lọ́wọ́ òun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nítorí kálàmù kì í ṣe ìbọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin tó gba onílé láyè láti fi agbára, títí kan èyí tó lè pani, kojú ẹni tó bá jálẹ̀kùn wọlé rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pe òfin náà títí dòní ni Make My Day. Gbólóhùn kan náà, ọdún kan náà: kálàmù lọ́wọ́ ọ̀kan, ìbọn lọ́wọ́ èkejì.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà láàárín àwọn tó wo fíìmù náà gan-an. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wo Star Wars léèrè ohun tí Darth Vader, ìkà inú fíìmù náà, sọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń jẹ́ Luke, á ní ó sọ pé "Luke, I am your father." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù kejì, tó jáde ní 1980, ọmọ náà ń pariwo pé wọ́n ti sọ fún òun pé ọwọ́ Vader ni bàbá òun kú sí. Vader dá a lóhùn pé: "No, I am your father." Rárá, èmi ni bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ ṣáájú ni "rárá" yẹn so mọ́. Bí ẹ bá fà á jáde fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ní ilé àrójẹ, yóò máa fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀, kò ní ibi tó rọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn bá yọ "rárá" kúrò, wọ́n fi orúkọ ọmọ dípò rẹ̀, kí gbólóhùn náà lè dá rìn. Èmi ò pe ìyẹn ní irọ́. Wọ́n dì í fún ìrìn àjò ni, bí a ti ń fi ewé di ẹ̀kọ. Kò sí ẹni tó sọ "Play it again, Sam" nínú Casablanca ti 1942 náà, ohun tí obìnrin inú rẹ̀ sọ ni "Play it, Sam." Ní ti dígí Snow White, tí àwọn èèyàn ń pè ní "Mirror, mirror on the wall," ẹ dákẹ́ ìjà: fíìmù 1937 pè é ní dígí onídán, ṣùgbọ́n inú ìtàn àtijọ́ tí àwọn ará Jámánì ń pa ni wọ́n ti ń pe dígí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti wà ṣáájú kí sinimá tó dáyé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni gbólóhùn tí wọ́n gbé kúrò nínú ìran rẹ̀ tó wá yí padà di alátakò ẹni tó kọ ọ́. Oliver Stone ṣe fíìmù Wall Street ní 1987. Bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ alágbàtà ṣíà jẹun, ìrántí bàbá náà ló sì fi fíìmù náà ṣe. Nínú rẹ̀, Gordon Gekko, tí Michael Douglas ṣe, dìde níwájú àwọn tó ní ṣíà nínú ilé iṣẹ́ kan, ó sọ fún wọn pé ojúkòkòrò, bí òun ò bá tiẹ̀ rí ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ pè é, dára. Àwọn èèyàn gé e kúrú: "Greed is good." Wọ́n kọ ọ́ sára ife, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ. Ṣùgbọ́n ta ni Gekko nínú fíìmù náà? Ẹni tó ba ìwà ọ̀dọ́kùnrin kan jẹ́ ni, tó fẹ́ já ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí bàbá ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tà. Nígbà tí fíìmù fi máa parí, ọlọ́pàá ti mú ọmọ náà, òun náà sì ti fi ẹ̀rọ gba ohùn Gekko sílẹ̀ fún ìjọba.

Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ já bọ́ látojú ọ̀run. Ní 1986, ọlọ́jà ṣíà kan tó ń jẹ́ Ivan Boesky dìde níwájú àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì California ní Berkeley, ó ní kò sí ohun tó burú nínú ojúkòkòrò. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti gbà láti san 100 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba nítorí pé ó ń fi àṣírí ilé iṣẹ́ ṣòwò ṣíà, ó sì ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Àwa ń sọ pé ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ohun tí fíìmù náà fi wákàtí méjì sọ nìyẹn. Síbẹ̀, Michael Douglas ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ọ̀dọ́ ń wá bá òun, wọ́n ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gekko ló gbé àwọn dé ìdí iṣẹ́ yẹn. Ní 2012, ó jáde nínú ìkìlọ̀ tí FBI ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé fíìmù lásán ni, ìwà ọ̀daràn náà ni òótọ́. Ẹ ro ó wò pé òṣèré ní láti padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun gbọ́. Bí ẹnì kan bá fi gbólóhùn yẹn bá yín ṣàwàdà, ó yẹ kí ẹ mọ̀ bóyá Gekko tó ṣubú ló mọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ara ife nìkan.

Bí gbólóhùn bá tún wá gba orí omi kọjá sínú èdè mìíràn, ọ̀rọ̀ di méjì. Nínú fíìmù Terminator kejì, ti 1991, ọmọdékùnrin kan àti ẹ̀rọ tó dà bí ènìyàn jókòó nínú mọ́tò. Ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ọmọ ní kó má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó wá ń kọ́ ọ bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú ohun tó kọ́ ọ ni "Hasta la vista, baby" wà. Èdè Spanish ni mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó dàbọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Adùn rẹ̀ létí ará Amẹ́ríkà ni pé ó jẹ́ èdè ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ fíìmù náà ní Sípéènì, adùn ti lọ, nítorí kí ni ó ṣàjèjì nínú "ó dàbọ̀" létí ẹni tó ń sọ ọ́ láràárọ̀? Àwọn atúmọ̀ gbé èdè Japan wọ̀ ọ́, ó di "Sayonara, baby." Bí ará Madrid kan bá sọ ìyẹn fún yín, fíìmù kan náà ló ń tọ́ka sí.

Ní ọjọ́ ogún oṣù keje 2022, Boris Johnson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbéjọba sílẹ̀, fi gbólóhùn yẹn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn nílé aṣòfin nípò yẹn. Odindi ọjọ́ ni àwọn èèyàn fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Ṣé ó dágbére ni, àbí ó ń sọ pé òun máa padà? Ẹni tí kò wo fíìmù náà á rò pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni, nítorí ó dàbọ̀ ni ó dàbọ̀. Àmọ́ òṣèré tó ṣe ẹ̀rọ náà, Arnold Schwarzenegger, ló tún sọ "I'll be back" nínú fíìmù Terminator ti àkọ́kọ́, ní 1984. Ọ̀tá tí ẹ̀rọ náà sì sọ "Hasta la vista" fún kí ó tó yìnbọn lù ú fọ́ yángá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àfọ́kù rẹ̀ yọ́ bí òjé, tó sì tún para pọ̀ dìde. Ìjà náà wá bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

"I'll be back" yẹn gan-an, ẹ̀yin ará wa tó wà níbí, ẹ ṣọ́ra fún un. Àwa kì í sọ pé "mo ń lọ" bí a bá dìde. "Mo ń bọ̀" là ń sọ, a sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, tí òyìnbó á máa wò wá pé a ní à ń bọ̀, a sì ń jáde lọ. Nínú fíìmù, ẹ̀rọ náà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ọlọ́pàá tó jókòó ní àgọ́ pé òun ń padà bọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ó fi mọ́tò ya wọ inú àgọ́ náà, ó sì pa àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìbínú kúrò nídìí káńtà níbi kan, tí ẹ wá sọ "I'll be back" láìrẹ́rìn-ín, ẹ̀yin mọ̀ pé ìwé tó kù lẹ fẹ́ lọ mú. Ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì lè gbọ́ mọ́tò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó sínú irú rẹ̀ lọ́nà tí mi ò rò. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò tuntun fún un, wọ́n sì fẹ́ gbé ọmọ náà wá sí ẹnu géètì ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Inú ọmọ yìí dùn, ó kọ ọ́ sínú gúrúùpù kíláàsì wọn pé lọ́la, "say hello to my little friend." Bàbá ọmọ kan nínú kíláàsì rí i, ó gbé e lọ fún àwọn olùkọ́, ilé ìwé pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé kó máa bọ̀ kíákíá. Gbólóhùn yẹn, Al Pacino ló sọ ọ́ nínú Scarface, 1983. Ìbọn ńlá tó ń ju bọ́ǹbù ló gbé dání, òun ni ọ̀rẹ́ kékeré tó ń sọ. Ọmọ wa ò wo fíìmù náà rí, kò sì tíì tó ọjọ́ orí ẹni tó ń wò ó. Inú fídíò kéékèèké orí fóònù ló ti rí i, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ológbò àti ajá kékeré sókè. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, "ẹ kí àbúrò mi" ló túmọ̀ sí. Ó sunkún títí tí ojú rẹ̀ fi wú. Mi ò dá bàbá yẹn lẹ́bi, ohun tó mọ̀ ló gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ẹni tó gbọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa olóṣèlú kan nílé, mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, Lápité pọ́ńbélé ni." Ọmọbìnrin mi, tí wọ́n bí síbí, gbọ́ Yorùbá dáadáa. Nígbà tí mo sọ fóònù kalẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ni Lápité? Ṣé ó ti wá sílé wa rí?" Mo dúró. Bí èmi náà ṣe ń wá Houston lórí pátákó nìyẹn.

Lápité ni ọba ìlú Jogbo nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe jáde ní 1999 látinú ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ó gorí oyè, ó kọ̀ kí wọ́n ṣe ètò ìbúra fún òun, kí ó lè rí ọrọ̀ ìlú kó jẹ. Òun àti àwọn agégẹdú ló jọ pín in. Ẹni tó bá ti wo fíìmù náà, orúkọ yẹn nìkan á mú ìlù, adé idẹ àti igbó tí wọ́n gé tán wá sí i lọ́kàn. Ó dà bíi pé nínú fíìmù tiwa, orúkọ ló máa ń rìn jìnnà ju gbólóhùn lọ. Bí ẹ bá pe Lérè Pàímọ́ ní Ẹ̀dá Onílé-Ọlá, ọ̀pọ̀ ló máa dáhùn kí ẹ tó dé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Orúkọ tí kò sí olórúkọ rẹ̀ níbẹ̀ náà ni àmì tó dáa jù tí ẹ lè fi dá a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Houston kò sí ní wọ́ọ̀dù wa. Nínú The Shining ti 1980, Jack Nicholson fi àáké la ilẹ̀kùn, ó ti orí bọ ojú ihò, ó ní "Here's Johnny!" Kò sí Johnny nínú ìran náà, Jack ni ẹni tó ń ṣe ń jẹ́. Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa ń fi ohùn bẹ́ẹ̀ pe Johnny Carson, atọ́kùn ètò alẹ́ kan, jáde lálaalẹ́ nígbà náà. Àmì kejì ni ọ̀rọ̀ tó tóbi ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i pé ẹni tó sọ ọ́ dákẹ́ díẹ̀, tó ń wojú yín, ìdajì tó wà lọ́dọ̀ yín ló ń dúró dè.

Bí ìdajì náà ò bá sí lọ́dọ̀ yín, ẹ béèrè. Ẹ má rẹ́rìn-ín àrẹ́tẹ̀lé. Ẹ kàn ní, "Inú fíìmù wo nìyẹn?" Mi ò tíì rí ẹni tí ìbéèrè yẹn bí nínú, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ gbogbo ìtàn náà fún mi, tí ojú wọn á máa tàn. Ní òru ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan fọwọ́ pè mí síbi ibùsùn rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé "I see dead people." Bí aláìsàn bá ní òun ń rí òkú, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí a sì pe dókítà, nítorí ó lè jẹ́ ibà tàbí oògùn ló ń da orí rú. Mo bi í ní ọjọ́ tí a wà àti ibi tí a wà, ó gba méjèèjì. Mo wá bi í bóyá fíìmù ni. Ó fọwọ́ tọ́ka sí àwọn bàbá mẹ́ta yòókù tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ sùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi nípa ọmọdé tó sọ ọ́ nínú The Sixth Sense, 1999. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo sì kọ ìdáhùn rẹ̀ tì í, kí nọ́ọ̀sì tó bá kà á láàárọ̀ má bàa sáré pe dókítà tàbí kó fi oògùn sí i lára lásán.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa lò ó, ẹ lò ó níbi tí ẹ ti ń rí ojú ara yín. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ má sọ ọ́ níwájú ọlọ́pàá, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfurufú, tàbí níwájú ògbufọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni ògbufọ̀ máa túmọ̀. Bí ẹ bá ní láti kọ ọ́, ẹ kan ilẹ̀kùn: "bí wọ́n ti sọ nínú fíìmù yẹn," kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Nílé wa, alẹ́ Fráídè ti di ti fíìmù. Ọ̀sẹ̀ kan àwọn ọmọ á yan tiwọn, ọ̀sẹ̀ kejì èmi á yan tèmi. A wo Ṣaworoidẹ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin mi dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti béèrè ìdí tí ọba fi kọ̀ láti búra. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè ní Sọ́ńdè, tí ọ̀rọ̀ olóṣèlú yẹn tún jáde, ohùn kan wá láti ilé ìdáná: "Ṣé Lápité yẹn náà ni?"